Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀daràn, ọwọ́ tiwa ṣófo: ṣé ẹ̀kọ́ dójò lè gbà wá?

Súnmọ́nù_Júdò (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Àríyànjiyàn kan ń lọ lọ́wọ́ ní dójò wa, ilé tá a ti ń kọ́ júdò, mo ní kí n gbé e wá síbí kí àwọn àgbà bá wa dá sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe júdò mọ Kime no Kata (kata ni ìjà àtòsílẹ̀, tí ẹni méjèèjì ti mọ ohun tó kàn tẹ́lẹ̀): ọgbọ́n 20, 8 lórí ìkúnlẹ̀, 12 lórí ìdúró, ọ̀bẹ ń bẹ níbẹ̀, idà ń bẹ níbẹ̀. Lọ́dún 1956 ni Kodokan, ilé ẹ̀kọ́ tí júdò ti bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànù, gbé kata míì, Goshin Jutsu, jáde, ọgbọ́n 21, tí 9 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ohun ìjà: 3 fún ọ̀bẹ, 3 fún ọ̀pá, 3 fún ìbọn ìléwọ́. Àwọn yìí là ń kọ́. Ẹnìkejì á na ọ̀bẹ, n ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, n ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, n ó yí apá rẹ̀ po, ọ̀bẹ á jábọ́. Ó dùn-ún wò gan-an.

Ọmọkùnrin kan tó ń wa danfo ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa. Ó wò wá títí, ó ní ká jẹ́ kóun náà mú ọ̀bẹ onírọ́bà yẹn wò. Kò na ọwọ́ rárá. Ó fi ọwọ́ òsì wọ́ ẹni tó dojú kọ ọ́ lọ́rùn aṣọ, ó wá ń fi ọ̀tún gún un níkùn lemọ́lemọ́ bí ẹni ń gúnyán ọdún. Bẹ́líìtì dúdú lẹni tí awakọ̀ yìí ń gún o! Kò rí ọrùn ọwọ́ kankan gbá mú.

Ìbéèrè mi rè é: ṣé ẹ̀kọ́ tá à ń kọ́ yìí wúlò níta, àbí ijó là ń jó? Tó bá jẹ́ ijó, kí ló yẹ ká máa kọ́?

Àgbà_Kàráté (Sùúrùlérè)

Súnmọ́nù, ìbéèrè gidi lo béèrè. Má tíì dá sẹ́nséi, olùkọ́ yín, lẹ́bi.

Ẹ wo Kano fúnra rẹ̀, ẹni tó dá júdò sílẹ̀. Nígbà tó dá Kodokan sílẹ̀ lọ́dún 1882, ohun tó mú kí júdò rẹ̀ yàtọ̀ ni pé ó yọ àwọn ọgbọ́n tó léwu kúrò nínú randori, ìyẹn ìjà ìdánrawò, káwọn ọmọ rẹ̀ lè máa fi gbogbo agbára gbé ara wọn ṣánlẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni kú. Ẹ̀ṣẹ́, ìtapá, ọ̀bẹ, idà, inú kata ló kó gbogbo wọn sí. Ibi tẹ́ ẹ ti ń fi agbára dán ara yín wò, kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀. Ibi tí ọ̀bẹ sì wà, kò sẹ́ni tó ń bá yín jà níbẹ̀. Àwa oníkàráté náà ò sàn jù bẹ́ẹ̀. Ní Shotokan, ẹ̀yà kàráté tiwa, ẹni tó fẹ́ luni á dúró lókèèrè, á kéde ibi tó ń bọ̀, tó bá lù tán á tún na apá sílẹ̀ kí o lè rí i ṣe ohun tó wù ẹ́. Ta ni yóò na apá sílẹ̀ fún ẹ ní Ìdí-Àràbà?

Kata ń kọ́ni ní ìrìnsẹ̀, bí a ṣe ń kúrò lójú ọ̀nà ohun ìjà, bí a ṣe ń sún mọ́ni láìfẹsẹ̀ kọ. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ̀bẹ lọ́wọ́ èèyàn torí pé òun yege ìdánwò dan kejì, ìpele kejì bẹ́líìtì dúdú, ara rẹ̀ ló ń tàn.

ỌmọỌ̀fà_Gidi

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà! Ẹ̀yin ará Jàpáànù, ẹ kúrò lọ́nà. Ẹ gbé e ṣánlẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Nọ́ọ̀sì_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

@ỌmọỌ̀fà_Gidi, àbúrò, o gbé e ṣánlẹ̀, ọ̀bẹ ńkọ́? Ṣé ó jù ú nù nígbà tó ń ṣubú ni? Ẹ̀yin méjèèjì ti wà nílẹ̀ báyìí, ọwọ́ rẹ méjèèjì wà lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún tiẹ̀ sì wà lómìnira lábẹ́ ìhà rẹ.

Ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tẹ́ ẹ ò tíì mẹ́nu bà ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n gún ni kò mọ̀ pé ọ̀bẹ ni. Wọ́n á ní ẹnìkan fún àwọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níhà. Ìgbà tí aṣọ bá tutù mọ́ wọn lára ni wọ́n tó wolẹ̀. Nítorí náà, gbogbo "tí mo bá ti rí ọ̀bẹ, báyìí ni n ó ṣe" yẹn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ máa rí i. Ẹni tó fẹ́ gúnni kì í fi ọ̀bẹ hanni. Ẹni tó bá fi hanni, fóònù ẹ ló ń wá lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fún un.

Ojú ọgbẹ́ náà máa ń tanni jẹ. Ihò tí kò ju èékánná lọ lè ti kan ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Àwa tá a wà ní Peckham ò lè gbàgbé Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10, ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2000. Àfọ́kù ìgò ló gé e nítan. Kì í ṣe àyà, kì í ṣe ọrùn o, itan. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ló gba ibẹ̀ kọjá.

KravMaga_Àbújá

Ẹ ṣeun àǹtí. Ìdí nìyí tí àwa fi ń ṣe Krav Maga, ìjà ìgbara-ẹni-là ti Ísírẹ́lì. Àṣà lẹ̀yin ń bá kiri, ẹ̀mí làwa ń gbà là. Imi Lichtenfeld tó dá a sílẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti dójò. Budapest ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1910, Bratislava ló dàgbà sí, ọlọ́pàá ni bàbá rẹ̀, ó sì ti jẹ́ oníjàkadì rí. Ojú títì ló ti ń bá àwọn tó ń kọlu àwọn Júù jà láàárín ọdún 1930 sí 1939. Ìgbà tó dé ilẹ̀ Palestine ló wá ń kọ́ àwọn Haganah, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn Júù níbẹ̀, lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì.

Lọ́dọ̀ tiwa, apá kan ń dí ọwọ́ ọ̀bẹ, ọwọ́ kejì ń lu ọ̀fun, lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ìbọn: yí ẹnu rẹ̀ kúrò lára ẹ, dì í mú, lu onítọ̀hún, gbà á. Ẹ wá sí kíláàsì wa, ẹ ó rí i.

Délé_Croydon

Ẹ̀gbọ́n Àbújá, mi ò bá yín jà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè. Ẹni tó ń gún yín ní kíláàsì, ṣé ó máa ń fa ọwọ́ padà? Ṣé ẹ gbà á láyè kó fi ọwọ́ kejì tì yín? Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lù ú lọ́fun, ṣé ó máa ń gún yín sí i, àbí ó máa dúró kẹ́ ẹ parí iṣẹ́ yín? Tí kò bá lè ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí, kata lẹ̀yin náà ń ṣe, aṣọ dúdú lẹ kàn wọ̀ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níṣojú ayé. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2017, London Bridge àti Borough Market. Ọkùnrin mẹ́ta, ọ̀bẹ ìdáná gígùn tó tó ínǹṣì 12, wọ́n sì ti fi awọ de ọ̀bẹ náà mọ́ ọrùn ọwọ́ wọn. Èèyàn 8 ló kú. Ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Fishmongers' Hall, ẹ̀gbẹ́ afárá kan náà: ọ̀daràn kan lẹ ọ̀bẹ méjì mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí Súnmọ́nù kà sílẹ̀ lókè, "ọ̀bẹ á jábọ́" ló ń parí sí. Ọ̀bẹ tí wọ́n dè mọ́ ọwọ́, níbo ló fẹ́ jábọ́ sí?

Kí ló wá ṣiṣẹ́? Lọ́dún 2017, àga àti ìgò làwọn èèyàn ń jù. Ará Spéènì kan, Ignacio Echeverría, fi skateboard rẹ̀, pátákó onítáyà tí wọ́n ń gùn, kọjú sí wọn nítorí obìnrin tí wọ́n ń gún. Ẹ̀mí rẹ̀ lọ sí i, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Lọ́dún 2019, ẹnìkan yọ eyín narwhal, ẹran inú òkun kan, èyí tó gùn bí ìwo tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, ẹlòmíì gbé ẹ̀rọ ìpaná, wọ́n ń lé e títí ó fi jáde sórí afárá, ibẹ̀ ni wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó gùn, ohun tó wúwo, èèyàn tó pọ̀. Ìgbà tí wọ́n ti dá a dùbúlẹ̀ tán lẹnìkan tó mú ọ̀bẹ kan kúrò níbẹ̀.

Súnmọ́nù_Júdò

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n kò sí ìwo narwhal ní Mọ́kọ́lá. Àga oníke ńkọ́? Báàgì ńkọ́?

Délé_Croydon

Àga dára, ẹ̀yìn ọkọ̀ dára jù. Ẹni tó bá wà lódì kejì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí ẹ, kó sáré yí i po títí, ìwọ náà ń yí i po. Báàgì tó nípọn, so ó mọ́ iwájú apá, má jẹ́ kó fì. Bẹ́líìtì tó ní irin lẹ́nu náà ń lé ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Ṣáà jẹ́ kí nǹkan kan wà láàárín yín.

Ẹ má sì rò pé tó bá wà lókèèrè, àyè wà. Ọlọ́pàá kan ní Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, Dennis Tueller, kọ̀wé lórí èyí lọ́dún 1983. Ó rí i pé èèyàn lásán lè sá eré ẹsẹ̀ bàtà 21, ìyẹn mítà mẹ́fà àti díẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀. Àwọn ọlọ́pàá tí ìbọn wà nínú àpò ìbàdí ló kọ ọ́ fún o, kí wọ́n lè mọ̀ pé ewu ti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìwọ tí kò ní ìbọn, tó o dúró ní mítà méjì tó ò ń bá a ṣàlàyé, kí lò ń rò?

ỌmọỌ̀fà_Gidi

Mọ̀jà-mọ̀sá là ń mọ akínkanjú. Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ.

Délé_Croydon

Mo ti ń retí ẹni tó máa mú òwe yẹn wá. Láti ẹnu ẹni tó ní "ẹ gbé e ṣánlẹ̀" lónìí kan náà! 😂

ỌmọỌdẹ_Ògbómọ̀ṣọ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ òyìnbó. Ṣé kò sí òkígbẹ́ mọ́ nílẹ̀ Yorùbá ni? Kò sí ayẹta? Àwọn bàbá wa tó ja ogun Jálumi, tó ja ogun Kírìjì, ṣé júdò ni wọ́n kọ́? Ẹni tí wọ́n bá sín gbẹ́rẹ́ sí lára bó ṣe yẹ, àdá ò ní ràn án.

Àgbà_Kàráté (Sùúrùlérè)

Ọmọ Ọdẹ, mo bọ̀wọ̀ fún ilé yín, ọmọ ọdẹ lèmi náà níhà ìyá. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó o ti dárúkọ Kírìjì, jẹ́ ká sọ ọ́ dé ìdí. Ní ogun yẹn, kí ni Èkìtìparapọ̀ ṣe nígbà tí Ìbàdàn fẹ́ máa borí wọn? Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó, àwọn wọ̀nyí sì fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn. Ìró ìbọn ọ̀hún ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ọ̀gbẹ́ni, àwọn tó ní òkígbẹ́ jù ẹ́ lọ ló ń wá ìbọn tó dáa jù lọ kiri. Wọn ò fi oògùn rọ́pò ohun tí ojú rí.

Ìwé ìròyìn ò sì yé gbé e pé ẹnìkan ṣe ayẹta fún ẹlòmíì, wọ́n ní káwọn dán an wò, ó di òkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Olú_Salvador (Bahia, Brazil)

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdẹ yìí rán mi létí níbí. Àwọn oníkapoéra àtijọ́ ní Bahia, àwọn tó ń ja ìjà tó dà bí ijó, náà gbà pé èèyàn lè ní ara tí irin ò lè wọ̀. Ìtàn Besouro Mangangá ni wọ́n máa ń sọ jù: wọ́n ní ọ̀bẹ onírin ò ràn án, ọ̀bẹ tí wọ́n fi igi ọ̀pẹ ticum gbẹ́ ni wọ́n fi pa á lọ́dún 1924. Àwọn èèyàn wa kan níbí sì fẹ́ràn láti máa pariwo pé Yorùbá ló ni kapoéra. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Àǹgólà ni púpọ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀ wà. Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà níbí, ni ibi tí ọwọ́ Yorùbá ti hàn gbangba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kan ìjíròrò yìí gan-an. Abẹ ìfárí ni ohun ìjà tí wọ́n ń bẹ̀rù ní ìgboro Brazil nígbà yẹn. Òfin ọdún 1890 sọ kapoéra di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń torí rẹ̀ fini sẹ́wọ̀n. Mestre Bimba ló ṣí ilé ẹ̀kọ́ ní Salvador lọ́dún 1932, tó sì mú kí ìjọba gbà á. Tí ọmọ bá yege lọ́dọ̀ rẹ̀, ìborùn sílíìkì ló ń fún un, torí pé àwọn àgbà ìgbà náà máa ń wé sílíìkì mọ́ ọrùn kí abẹ má lè gé e ní kíákíá. Àwọn tó bá wá fẹ́ ìmọ̀ sí i, ó ń kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń kojú ohun ìjà, á sì kó wọn lọ sínú igbó, káwọn ẹgbẹ́ wọn lúgọ dè wọ́n, ẹni mélòó kan lu ẹnìkan lójijì. Kò sí "ṣé o ti ṣe tán?" Bẹ́ẹ̀ ọdún 1930 sí 1940 là ń sọ yìí. Nǹkan tí Délé ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Àbújá, Bimba ti ń ṣe é.

Àṣàkẹ́_Ìkòròdú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Gbogbo àwòrán tẹ́ ẹ ń yà yìí, ọkùnrin méjì ló dúró síwájú ara wọn ní pápá. Ẹ wọnú ọkọ̀ wan-ṣáǹsì wá bá mi. Mo jókòó láàárín, ọkùnrin lápá ọ̀tún, ọkùnrin lápá òsì, dírẹ́bà náà ti wọn ni, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, ọ̀kan na ìbọn ìléwọ́ sí mi níhà. Mi ò lè dìde, mi ò lè na ẹsẹ̀. Skateboard wo ni màá lò? Ibo ni màá sá gbà?

KravMaga_Àbújá

Àǹtí Àṣàkẹ́, èmi tí mò ń kọ́ni ní gbígba ìbọn, tí mo bá bá ara mi níbẹ̀, fóònù mi ni màá kó fún wọn, àti káàdì báńkì, àti nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀nà tá à ń gbà gba ìbọn ń ṣiṣẹ́ fún ìbọn kan, tó kan ara ẹ tàbí tó sún mọ́ ọ débi tí ọwọ́ ẹ máa tó o, lọ́wọ́ ẹnìkan. Èèyàn mẹ́ta nínú ọkọ̀, kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ẹ má wo ojú wọn. Ẹ má fa nǹkan yọ lójijì, ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ àpò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni tí wọ́n bá ti gba gbogbo nǹkan tán, tí wọ́n tún fẹ́ gbé yín lọ síbòmíì, tàbí tí wọ́n fẹ́ so yín lọ́wọ́. Níbẹ̀, mo máa ń sọ fáwọn obìnrin tí mò ń kọ́ pé ká má bá wọn lọ tá a bá ti lè ṣe é. Ibi tí wọ́n ń gbé yín lọ, àwọn ló yàn án. Tí ọkọ̀ bá dẹ̀rọ̀ níbi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ilẹ̀kùn sì wà nítòsí, ẹ pariwo, ẹ ta gìjàgìjà, ẹ já bọ́ sójú títì. Ọgbẹ́ ojú títì sàn jù.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Àwa méjèèjì bára mu níbẹ̀ yẹn o.

Àṣàkẹ́_Ìkòròdú

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé kí n tó wọlé ni iṣẹ́ pọ̀ sí? Bọ́ọ̀sì tí àwọn ọkùnrin nìkan kún, tó ń pe èrò síbi tí kì í ṣe ibùdókọ̀, tí wọ́n ti ṣí àyè àárín sílẹ̀ dè ẹ́. Àwọn ìyá ọjà wa ò wọ irú ẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní bẹ́líìtì kankan.

Lọ́yà_Àkúrẹ́

Mo ń kà yín bọ̀ láti òkè, ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ òfin kan kún un, torí mo rí ẹni tó ń bọ̀ wá béèrè pé ṣé kóun máa mú ọ̀bẹ rìn.

Ní Nàìjíríà, abala 33 ìwé òfin ọdún 1999 gbà kéèyàn lo agbára tó yẹ láti gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì lọ́wọ́ ìwà ipá. Abala 286 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù sọ bákan náà: ẹni tí wọ́n kọlù láìṣẹ̀, ó lè lo ìwọ̀n agbára tó tó láti gba ara rẹ̀. Ìwọ̀n agbára ni kẹ́ ẹ fojú sí. Tó bá ti sọ ọ̀bẹ sílẹ̀ tó sì ti ń sá lọ, tí ẹ wá lé e bá tẹ́ ẹ ṣá a, ẹ̀yin lọlọ́pàá ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà. Mo mọ̀ pé ẹ mọ táyà tí mò ń sọ. Ẹ ké "olè!" kí ìrànlọ́wọ́ lè dé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá da bẹntiróòlù lé ẹni tí wọ́n ti mú, ìpànìyàn ni. Ní Èkó, 112 tàbí 767 ni kẹ́ ẹ pè.

Délé_Croydon

Tiwa níbí le jùyẹn lọ. Òfin ọdún 1988 ò gbà kó o mú ọ̀bẹ rìn nígboro láìní ìdí gidi, àyàfi èyí tó ń ká tí ojú rẹ̀ ò ju ínǹṣì 3 lọ. "Mo fẹ́ fi gba ara mi ni" kì í ṣe ìdí tí kóòtù ń gbà. Ata tí wọ́n ń fín síni lójú náà, ohun tí òfin ìbọn kà léèwọ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín ní yunifásítì, ẹ̀wọ̀n lẹ̀ ń rà fún wọn o.

Súnmọ́nù_Júdò

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ yín lọ bá sẹ́nséi, a jókòó sí i, ó gbà pé ká dán nǹkan míì wò lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ gbọ́ bá a ṣe tò ó.

Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ni gbogbo wa wọ̀. Ọ̀bẹ onírọ́bà la fi lípístíìkì pupa kùn lójú, a wọ gíláàsì ìdáàbòbò ojú torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa bà. Ẹni tó mú ọ̀bẹ lómìnira: ó lè tọ́jú ọ̀bẹ sápò, ó lè kọ́kọ́ béèrè aago lọ́wọ́ ẹ, ó lè fà ẹ́, ó lè tì ẹ́, kò sì gbọdọ̀ na ọwọ́ sílẹ̀. Ìwọ ní ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn. Tó o bá jáde lẹ́nu ọ̀nà, o ti borí, ìjà tán.

Gbogbo wa ni lípístíìkì kùn. Sẹ́nséi náà. Bí a ṣe ń ṣe é sí i ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn tó gbójú lé ìyíwọ́ ló pupa jù. Àwọn tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá apá ọ̀bẹ mọ́ àyà ara wọn, tí wọ́n fi orí ti onítọ̀hún léjìká, tí wọ́n sì ń tì í sára ògiri láìdúró, wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n sì ráyè jáde. Àwọn tó kọ́kọ́ sáré ni lípístíìkì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn.

@ỌmọỌ̀fà_Gidi, ìdìmú ẹkẹ yín wúlò níbẹ̀ o, ọwọ́ méjì sí apá kan. Ọrùn ni kẹ́ ẹ gbàgbé.

ỌmọỌ̀fà_Gidi

Mo ti sọ tẹ́lẹ̀! Ìjàkadì lorò Ọ̀fà!

KravMaga_Àbújá

Èmi náà máa ṣe ti lípístíìkì yẹn. Ó dájú pé àwọn ọmọ mi kan ò ní fẹ́ padà wá, torí wọ́n sanwó kí n lè sọ fún wọn pé wọ́n ti di akọni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni síńgílẹ́ẹ̀tì kan ń wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ má bi mí ní ti ìsinsìnyí.

Àgbà_Kàráté (Sùúrùlérè)

Súnmọ́nù, ẹ má pa Goshin Jutsu tì o. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdánwò, ẹ fi ti Sátidé ṣe ti ìta. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ọmọdé da méjèèjì pọ̀.

Súnmọ́nù_Júdò

Ẹ ṣeun bàbá. Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ bá mi dáhùn èyí kí n tó lọ: tí wọ́n bá gúnni, tí a sì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, kí la máa ṣe kí ọkọ̀ tó débẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa gbogbo ara yín, abẹ́ apá, ẹ̀yìn, itan, kẹ́ ẹ wo ọwọ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti sọ ìdí rẹ̀ lókè.

Ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi, kẹ́ ẹ má máa ṣí i wò. Tó bá jẹ́ abẹ́ apá, ọrùn tàbí gbòǹgbò itan, ẹ ki aṣọ bọ ihò náà kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Tí ọ̀bẹ bá ṣì wà lára, ẹ fi í síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fà á yọ. Tó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń tú tí títẹ̀ ò sì dá a dúró, ẹ di í lókè ọgbẹ́, ó fi ìka mẹ́ta sí mẹ́rin jìnnà sí i, kó má bọ́ sórí oríkèé. Ó máa dun onítọ̀hún gan-an, ẹ má tú u. Ẹ kọ àkókò tẹ́ ẹ dì í sílẹ̀, ẹ sọ fún dókítà.

Súnmọ́nù_Júdò

Bẹ́líìtì sòkòtò lè ṣe é?

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Kò lè fún tó. Awọ ò ṣeé lọ́ po. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un rà, ẹ rà á sí dójò. Tí kò bá sí, ọ̀já ìpọnmọ: ẹ ṣẹ́ ẹ po kó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ẹ ta á ní kókó, ẹ fi igi sí kókó yẹn, ẹ ta kókó míì lé e, kẹ́ ẹ wá máa yí igi náà títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, kẹ́ ẹ so orí igi mọ́ ẹsẹ̀ kó má bàa tú.

Àṣàkẹ́_Ìkòròdú

Ọ̀já kún ìsọ̀ mi. Bírò lè ṣe igi yẹn?

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Bírò á ṣẹ́. Ìdí orógùn ni kẹ́ ẹ lò, tàbí ṣíbí onírin tó nípọn.